Píkọ́ọ̀pù Bàbá Mi Tó Ń Gbọ̀n

Ìgbà tí mo ṣì kéré, tí ẹsẹ̀ mi kò tíì kanlẹ̀ bí mo bá jókòó sínú mọ́tò, ẹ̀gbẹ́ bàbá mi nínú píkọ́ọ̀pù ni mo máa ń wà láràárọ̀ Sátidé. Ẹ lè sọ pé ọjọ́ orí mi kò tíì tó ti ẹni tó ń jókòó ròyìn ìgbà èwe, ó sì lè jẹ́ òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n àwa méjì péré la máa ń wà nínú mọ́tò náà, ẹnì kejì sì ti lọ. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ óò jogún nǹkan lọ́wọ́ òbí yín lọ́jọ́ kan, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí nǹkan mú nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Bébà ni bàbá mi máa ń kó. Wọ́n á lọ kó páálí bébà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á lọ́pọ̀, wọ́n á já a fún àwọn onítẹ̀wé tó kún àdúgbò wa ní Bájúláyé. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nílé, màmá mi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá wà láti sọ, bí àlejò bá sì dé, wọ́n á bi mí pé kí ló dé tí mo dákẹ́, àbí ara mi ò yá. Nínú píkọ́ọ̀pù, kò sẹ́ni tó ń bi mí. A lè gba Fádèyí lọ kí a sì gba ibẹ̀ bọ̀, kí ọ̀rọ̀ tí a sọ má pé mẹ́wàá. Ẹ má rò pé ìbínú ni. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn jókòó láti ìgbà náà, mi ò tíì rí ẹni tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ rọrùn bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí wọ́n máa ń ṣe. Bí a bá ti bọ́ sí ojú títì tó dán, wọ́n á gbé ìka méjì lé sítíárìn, wọ́n á ní kí èmi náà na ọwọ́ mi wá, kí n gbé ìka méjì lé e. Wọ́n á tẹ́tí díẹ̀, bí ìgbà tí dókítà bá ń gbọ́ àyà ènìyàn.

"Ó dákẹ́," wọ́n á wí.

"Ó dákẹ́," èmi náà á wí. Ó parí. A óò tún máa lọ.

Bàbá mi kú nígbà tí mo ń sin ìlú gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n mi bímọ ní Ìbàdàn, màmá mi lọ bá wọn tọ́jú ọmọ. Ọmọ kan di méjì, màmá mi ò padà wá mọ́. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ibi tí ariwo ọmọ wà ló yẹ wọ́n. Èmi nìkan ló kù nínú yàrá méjì wa ní Bájúláyé. Mo kàwé jáde nínú ìmọ̀ ìṣirò, mo kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ títí, èsì tó wá kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n fóònù bàbá mi wà lọ́wọ́ mi, àwọn onítẹ̀wé ò sì yé pè é. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìwọ náà ò mọ mọ́tò wà ni?" Mo mọ̀ ọ́n wà. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó bébà nìyẹn.

Lọ́dún yìí, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dán bí orí apárí. Mo wa mọ́tò lọ sọ́dọ̀ fọ́kánáísà kan lọ́nà Fọlá Àgòrò, mo ní kó bá mi fi táyà tuntun sí i.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ni mọ́tò yìí?"

"Bàbá mi ni."

"Wọ́n dà?"

"Wọ́n ti kú."

"Háà, ẹ pẹ̀lẹ́. Irin àtijọ́ nìyí o. Èyí á sin èmi náà."

Ó ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Nígbà tó parí, ó nu ọwọ́, ó rẹ́rìn-ín. "Mo tún bá yín gbá gbogbo ìdọ̀tí inú rímù yẹn dànù. Bí ẹni pé ààtàn ni wọ́n ń fi ibẹ̀ ṣe. Ẹ kí mi kú iṣẹ́ o."

Mo kí i kú iṣẹ́. Mi ò bi í léèrè pé irú ìdọ̀tí wo. Ẹ rántí èyí, nítorí pé èmi ni mo ṣe àṣìṣe àkọ́kọ́, kì í ṣe òun.

Mo bọ́ sí ojú títì Ìkòròdú lọ́jọ́ náà, mo tẹná mọ́tò díẹ̀. Nígbà tí eré mi kan ọgọ́ta, sítíárìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe gbígbọ̀n tí kòtò ń fà. Ó ń lọ ní dọ́gbadọ́gba, bí ọwọ́ ẹni tí ibà ń ṣe. Mo dín eré kù, ó dákẹ́. Mo tún tẹná, ó tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn páálí tó wà lẹ́yìn ń fò. Mo gbé ìka méjì lé e, mo sì gbé wọn kúrò kíá, bí ẹni tó fọwọ́ kan ohun tí kò yẹ kó fọwọ́ kàn.

Màmá mi pè nírọ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń pè.

"O ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Mà. Mọ́tò ń gbọ̀n."

"Ó ń gbọ̀n báwo?"

"Bí mo bá sáré díẹ̀, á máa gbọ̀n."

"Lẹ́yìn táyà tuntun! Gbọ́, mi ò fẹ́ gbọ́ ìròyìnkíròyìn. Ọkùnrin tó ń ra àlòkù irin ní Bàrígà yẹn ṣì ń pè mí. Jẹ́ kó wá gbé e."

"Ẹ fún mi láyè díẹ̀, Mà."

"Títí di ìgbà wo?"

"Sátidé."

"Tó bá di Sátidé tó ṣì ń gbọ̀n, wọ́n ń bọ̀ wá gbé e nìyẹn. Mo sì ti pè é."

Ọkùnrin tí wọ́n ń wí yẹn, gígé ló ń gé mọ́tò sí wẹ́wẹ́. Mo mọ ibi tó ń gé wọn, lẹ́bàá ọ̀sà. Kì í ṣe iṣẹ́ bébà nìkan ni mo ro. Bí mo bá sòótọ́ fún yín, kò síbòmíràn mọ́ láyé tí mo lè jókòó sí kí ó jọ pé bàbá mi wà nítòsí. Mo mọ̀ pé èyí kì í ṣe ìdí tí ènìyàn fi ń wa mọ́tò tó ń gbọ̀n. Nítorí náà mo gbà pé Sátidé náà ni.

Ọjọ́ Ajé, mo padà sọ́dọ̀ fọ́kánáísà. Ó tún gbogbo nọ́ọ̀tì dì. Mọ́tò ṣì gbọ̀n. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ sí Fádèyí, níbi tí wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ìwúwo táyà wò. Wọ́n yí táyà kọ̀ọ̀kan lórí ẹ̀rọ, wọ́n lẹ ègé òjé mọ́ rímù níbi tó fúyẹ́, ẹ̀rọ náà ní ó ti dọ́gba. Mo wà á jáde, ó gbọ̀n. Ọjọ́rú, mo ní kí fọ́kánáísà gbé táyà iwájú sẹ́yìn, kó gbé tẹ̀yìn síwájú. Èrò mi ni pé bí ọ̀kan nínú táyà náà bá ní àrùn, àrùn náà á bá a lọ sẹ́yìn, ìdí mi ni n óò ti máa mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ọwọ́ mi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sítíárìn ṣì ni.

"Àǹtí," fọ́kánáísà wí, ó káwọ́ sẹ́yìn, "mọ́tò yín ń ṣọ̀fọ̀ ni."

Àwọn tó jókòó nítòsí rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mi ò lè sọ pé irọ́ ló pa, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹ̀rí rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, mẹkáníìkì kan dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò, ó mi ẹsẹ̀ iwájú síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ní àwọn irin tó so sítíárìn mọ́ táyà ti jẹ, a ní láti pààrọ̀ gbogbo wọn. Mo bi í pé ṣé ó rí ibi tó ti jẹ.

"Àgbà mọ́tò ni, Àǹtí. Á ti jẹ."

"Ṣé ẹ rí i?"

"Kí ni mo fẹ́ rí? Mo ní á ti jẹ."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo wa mọ́tò lọ sílé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó lè jẹ́ pé òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n irin kì í jẹ lóòjọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo pààrọ̀ táyà, mọ́tò yẹn ò gbọ̀n. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó gbọ̀n. Ohunkóhun tó bá fà á, ó ṣẹlẹ̀ láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì níwájú ilé, mo bi ara mi pé kí ló kúrò lára mọ́tò yìí lọ́jọ́ náà, kí ló sì wọlé sí i. Táyà àtijọ́ kúrò, táyà tuntun wọlé. A ti yẹ táyà tuntun wò. Kí ló tún kúrò? Mo ronú títí. Ìdọ̀tí. Fọ́kánáísà ní òun gbá ìdọ̀tí dànù.

Mo fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè. Mo to bíríkì, mo di báírò kan mọ́ ọn, tí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú táyà, mo sì fi ọwọ́ yí táyà náà díẹ̀díẹ̀. Ó sún mọ́ báírò, ó jìnnà sí i. Ó tún sún mọ́ ọn, ó tún jìnnà. Bí táyà bá jókòó dáadáa, ibi kan náà ló yẹ kí ẹnu báírò máa wà sí i. Èyí ń yí bí ẹni tó ń tiro. Mo tú nọ́ọ̀tì, mo yọ táyà, mo wo ihò ńlá àárín rímù, mo sì wo irin róbótó ara mọ́tò tí ihò náà ń wọ̀ lé. Ihò náà tóbi ju irin lọ. Mo fi ìka wọn àyè tó wà láàárín wọn. Ibẹ̀ ni nǹkan ti sọ sí mi lọ́kàn, mo sì dìde dúró.

Mo ti rí àyè yẹn rí. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án nígbà náà, mi ò lè búra. Kòtò kan ti fọ́ méjì nínú rímù píkọ́ọ̀pù, bàbá mi sì lọ ra mẹ́rin tòkunbọ̀ láti ara mọ́tò mìíràn. Ihò nọ́ọ̀tì bára mu, ṣùgbọ́n ihò àárín tóbi jù. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ilé yìí gan-an. Wọn ò ní ohun tí wọ́n lè fi wọn nǹkan tóóró bẹ́ẹ̀, àfi ohun tí wọ́n ń kó lójoojúmọ́. Wọ́n gé bébà líle tí wọ́n fi ń ṣe èèpo ìwé, wọ́n ń ki ègé rẹ̀ bọ àyè náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí kò fi gbà á mọ́, èmi ni mo ń kà á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú pléètì ìtẹ̀wé àlòkù, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn onítẹ̀wé máa ń ju nù bí wọ́n bá ti tẹ iṣẹ́ tán. Wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé e ní ọ̀já ọ̀já, wọ́n ń wé e yí inú ihò náà po títí tó fi nípọn tó iye bébà tí mo kà. Èmi ni mo di etí ọ̀já náà mú. Mo rí lẹ́tà lára rẹ̀, mo fẹ́ kà á.

"Bàbá, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Má da ara ẹ láàmú, Ìyá mi. Táyà ò mọ̀wé."

Mo rẹ́rìn-ín títí ọ̀já fi bọ́ lọ́wọ́ mi, a sì ní láti tún un wé.

Ó yé mi wàyí. Ẹ̀rọ Fádèyí ò rí àṣìṣe kankan nítorí pé irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ló fi ń di ihò rímù mú, bó ti wù kí ihò náà tóbi tó. Lórí ẹ̀rọ, táyà wà láàárín gbùngbùn. Lára mọ́tò wa ni kò ti sí láàárín. Táyà iwájú ò sì yàtọ̀ sí tẹ̀yìn, nítorí pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni fọ́kánáísà gbá mọ́.

Mo lọ bi í, nítorí pé ohun tí mo rántí kò tíì di òótọ́ títí ẹlòmíràn á fi jẹ́rìí sí i.

"Ìdọ̀tí tí ẹ gbá yẹn, báwo ló ṣe rí?"

"Pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ kan báyìí, bí agolo tí mọ́tò tẹ̀. Ó ti dúdú."

"Ó dà?"

Ó wo ojú mi, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Àwọn akólẹ̀ ti gbé e lọ. Àǹtí, ṣé nǹkan pàtàkì ni?"

Mo ní kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Kò sí ohunkóhun lára irin dúdú náà tó lè sọ fún un pé ẹnì kan jókòó wọ̀n ọ́n.

Mo lọ sọ́dọ̀ ìyá onítẹ̀wé tó wà lẹ́yìn ilé wa, tí bàbá mi ti ń já bébà fún kí wọ́n tó bí mi. Mo ní kí wọ́n fún mi ní pléètì àlòkù.

"Bàbá ẹ náà kì í jẹ́ kí n ju tèmi nù," wọ́n wí. "Mo rò pé òrùlé ilé adìyẹ ni wọ́n ń fi ṣe."

"A ò sin adìyẹ rí, Mà."

"Ṣé o rí i! Gbogbo ọdún tí mo fi ń kí wọn pé báwo ni àwọn adìyẹ, wọ́n á ní dáadáa ni wọ́n wà."

A jọ rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn lọ́sẹ̀ náà. Wọ́n fún mi ní pléètì márùn-ún àti bébà líle díẹ̀. Mo yọ táyà mẹ́ta tó kù, ilé ni mo sì ti ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, títí di ìrọ̀lẹ́. Mo ń ki bébà bọ̀ ọ́, mo ń kà á, mo ń wé ọ̀já. Ẹni méjì ló yẹ kó ṣe iṣẹ́ náà. Eyín ni mo fi di etí ọ̀já mú.

Láàárọ̀ Sátidé, mo dá táyà padà, mo di nọ́ọ̀tì lójúkojú, òkè kan, ìsàlẹ̀ kan, kí mọ́tò tó sọ̀ kalẹ̀. Mo gba Fádèyí bọ́ sí ojú títì Ìkòròdú. Ó kan ogójì. Ó kan àádọ́ta. Mo rántí pé mo di sítíárìn mú gírígírí, mo sì tú ọwọ́ sílẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá di nǹkan mú bẹ́ẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá ó ń gbọ̀n. Ó kan ọgọ́ta. Ó kọjá a. Mo gbé ìka méjì lé e.

"Ó dákẹ́," mo wí.

Mo dúró díẹ̀ kí n tó rántí pé kò sẹ́ni tí yóò dá mi lóhùn. Mo wo àga ọ̀tún. Mo wa mọ́tò padà sílé.

Ọkùnrin Bàrígà ti dé pẹ̀lú okùn tó fẹ́ fi fa mọ́tò. "Àǹtí, màmá yín ní ká wá gbé e."

"Kò gbọ̀n mọ́. Ẹ jókòó sí i kí n gbé yín yíká."

"Èmi? Mọ́tò tí mo wá gé?" Síbẹ̀ ó wọlé, ó jókòó sí àga ọ̀tún. A lọ, a bọ̀. Ó ń wo ọwọ́ mi lórí sítíárìn títí a fi dé. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá ìlẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ẹ́. "Ẹ bá mi kí màmá yín," ó wí, ó ká okùn rẹ̀, ó lọ. Mo pe màmá mi. Wọ́n ní, "Ó dáa. O ti jẹun?"

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọwọ́ òbí ni ìmọ̀ máa ń wà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ á jókòó tì wọ́n. Lónìí, mo bèèrè ohun tó ń mú mọ́tò gbọ̀n lórí fóònù, ó ka ìdí mẹ́wàá fún mi láàárín ìṣẹ́jú kan, mo sì dúpẹ́. Mi ò lè sọ pé ayé àtijọ́ sàn jù. Ó yẹ kí bàbá mi ti sọ fún ẹnì kan, kí wọ́n má fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ìrántí ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò sí fóònù tó lè mọ ohun tí ọkùnrin kan wé sínú rímù níwájú ilé rẹ̀ ní Bájúláyé. Bí ẹ bá ṣì ní ẹni tí ẹ lè bi, ẹ bi í kí ẹ tó gbá ìdọ̀tí rẹ̀ dànù.

Kí n tó dá àwọn táyà yẹn padà, mo mú yíǹkì tí kì í parẹ́, mo kọ ọ̀rọ̀ sínú rímù kọ̀ọ̀kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀já náà: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ èyí. Ó níṣẹ́ tó ń ṣe." Òótọ́ ni bàbá mi sọ, táyà ò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa tú u lẹ́yìn mi lè mọ̀ ọ́n kà.